Bíríkẹ̀ Kàsímù Àkúdàáyà

Bí o bá gba Adja-Ouèrè kọjá láyé Faransé, lẹ́yìn ogun Hítílà, tí o rí ọkùnrin kan létí ọ̀nà Ikpinlè tó ń jẹun lóòró, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lóòró, tó ń tún àtùpà ṣe lóòró, má wulẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ́. Kàsímù ni. Àwọn ọmọdé a máa pè é ní Kàsímù Àkúdàáyà, wọn a sì sá lọ kó tó yíjú. Òun náà a kàn rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí gbogbo ìlú bá fọwọ́ sí, ta ni yóò bá wọn jà lé e lórí?

Àga wà níbẹ̀ o. Méjì ló kàn kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà, ó sì ń nu eruku ara wọn láràárọ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò ńlá. Òun fúnra rẹ̀ kì í fìdí kàn án. Bí o bá ní kó jókòó, á ní, "Mo ti jókòó rí, ó tó." Àwọn onísọkúsọ ní iná inú ọkọ̀ ogun ló yan án nídìí. Irọ́ tó jìnnà sóòótọ́ ni. Ọkọ̀ ogun kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹní kan tí wọ́n tẹ́ síwájú ilé ìyá rẹ̀ ló ṣe é, àti ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo tó fi jókòó sórí ẹní náà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri kò mọ̀ ọ́n sọ.

Sàrátù ló bí Kàsímù. Bàbá rẹ̀ kú kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ìyá rẹ̀ sì fi àgbàdo títà tọ́ ọ. Ọmọ náà jẹ ẹsẹ̀ ajá, kì í gbélé. Bí o bá rán an sí Tatonnonkon, wàá gbọ́ pé wọ́n rí i ní Kpoulou. Bí ìyá rẹ̀ bá ń gbé àgbàdo lọ sí Ikpinlè, ẹ̀yìnkùlé obìnrin kan tó ń jẹ́ Bernadette ló ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Epo pupa ni Bernadette ń ṣe. Ọ̀kan ń kírun, ìkejì ń lọ sí Míísà, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ń bu omi mu, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ látàárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀: ọ̀rọ̀ ọmọ.

Nítorí ọmọkùnrin kan ṣoṣo náà ni Bernadette ní, Rogatien. Ó ga, ó tútù, ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó dúró síbì kan títí wọn yóò fi dé, yóò dúró. Kàsímù ni kì í dúró. Kàsímù ló ní kí àwọn lọ wo Àjàṣẹ́, Kàsímù ló sì tún ní Àjàṣẹ́ ti sú òun, kí àwọn lọ ṣiṣẹ́ ẹrù rírù lórí afárá inú òkun ní Kútọnu. Gbogbo ìgbà tó bá ti ní "Jẹ́ ká lọ," Rogatien á bọ́ síwájú bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ ní in lọ́kàn. Rántí èyí, nítorí Kàsímù náà kò gbàgbé rẹ̀.

Ní Kútọnu ni wọ́n ti rí ọkọ̀ ogun lọ́ọ̀ọ́kán. Kì í sún mọ́ etíkun, ńṣe ló dúró sínú òkun bí olówó tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ òun. Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó ń wá ọ̀dọ́ tó lágbára fún iṣẹ́ inú ọkọ̀. "Jẹ́ ká lọ," ni Kàsímù wí. Wọ́n kó wọn lọ sí Dàkáà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pín wọn sínú ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ Faransé tí wọ́n kọ sára àwọn ọkọ̀ náà kò rọrùn lẹ́nu wọn, nítorí náà wọ́n sọ wọ́n lórúkọ fúnra wọn. Ọkọ̀ Kàsímù ní ihò èéfín mẹ́ta, wọ́n pè é ní Oníhò-Mẹ́ta. Ti Rogatien ní méjì, wọ́n pè é ní Oníhò-Méjì. Àṣìṣe kékeré kan tún wà níbẹ̀: nígbà tí wọ́n bi Rogatien ní ìlú rẹ̀, ó ní Kútọnu, nítorí ó rò pé ibi tí òun ti wọ ọkọ̀ wá ni wọ́n ń béèrè, ìwé kankan nípa rẹ̀ kò sì lè mọ ọ̀nà Ikpinlè mọ́.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ìbọn. Ọkọ̀ àtijọ́ ni méjèèjì, èédú ni wọ́n ń jẹ, àwọn ọmọ wa ló sì ń fi ṣọ́bìrì bọ́ wọn ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ooru ti ń pọ́n èèyàn lójú. Kàsímù fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni ara rẹ̀ ti balẹ̀ rí, nítorí bó bá tilẹ̀ dúró sójú kan, ọkọ̀ ń lọ.

Ibẹ̀ ló ti mọ bíríkẹ̀. Ìṣáná kò wúlò lójú òkun. Bí omi kò bá rin ín, afẹ́fẹ́ yóò pa á. Ohun tí àwọn atukọ̀ ń lò ni bíríkẹ̀ olókùn: ọ̀pá idẹ kékeré kan tí wọ́n fi èèpo ọta ìbọn ṣe, kẹ̀kẹ́ tíńtín kan tí yóò ta iná lára òkúta, àti okùn òwú kan tí yóò gba iná náà. Kì í yọ ọwọ́ iná rárá. Yóò kàn máa pọ́n ni, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣe ń fẹ́ tó ni yóò ṣe máa pọ́n tó.

Àgbà atukọ̀ kan wà nínú Oníhò-Mẹ́ta, ará Bùrẹ̀táàyè nílẹ̀ Faransé, tó ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́. Òun ló máa ń sọ ìtàn ọkọ̀ fún Kàsímù bí wọ́n bá gòkè wá gba atẹ́gùn. Ó ní láyé àwọn baba ńlá òun, igi ni ọkọ̀ ogun, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, ìyẹ̀fun ìbọn ló sì kún inú rẹ̀. Atukọ̀ tó bá gbé iná sápò nígbà náà, ẹgba ló ń gbé sẹ́yìn. Ojú kan ṣoṣo ni iná wà: okùn kan tó ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí kòròbà omi, tí ẹ̀ṣọ́ sì dúró tì í. Ẹni tó bá fẹ́ fa tábà, ibẹ̀ ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí. Nígbà tí ọkọ̀ di irin, wọ́n fi iná sílẹ̀ kó máa rìn. Nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi sì dé, tó ń ṣọ́ èèyàn lókùnkùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ iná yọ lókè ọkọ̀ mọ́.

"Okùn kan náà ni," àgbà náà wí, ó gbé bíríkẹ̀ rẹ̀ sókè. "Orí kòròbà ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àpò wa."

Alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ ni yóò fi ìṣó ya àwòrán ọkọ̀ sára idẹ náà fún ọ. Ti Kàsímù ní ọkọ̀ oníhò mẹ́ta, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti Adja-Ouèrè lábẹ́ rẹ̀. Ti Rogatien ní ọkọ̀ oníhò méjì, kò ní kí wọ́n kọ orúkọ sí i. Àgbélébùú kékeré kan ló fi ọ̀bẹ ha sí ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wọ́.

Nígbà tí ogun bẹ́, tí ọkọ̀ méjèèjì fẹ́ lọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì pàdé ní èbúté Dàkáà. Rogatien ló dábàá lọ́jọ́ náà, ó yani lẹ́nu.

"Gba tèmi, kí n gba tìẹ," ó wí. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ délé nínú wa, kó mú bíríkẹ̀ ẹnì kejì lọ fi han ìyá rẹ̀. Bí màmá mi bá rí ọkọ̀ oníhò méjì yìí lọ́wọ́ ẹ, kó mọ̀ pé mo wà láàyè, mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Àrokò ni nígbà yẹn," ni Kàsímù wí.

"Àrokò ni. Má sọ ọ́ nù o, alárìnkiri."

Wọ́n pààrọ̀ wọn, wọ́n sì pínyà.

Ogun dí gbogbo ọ̀nà. Iṣẹ́ tí Kàsímù rán sílé kò dé, kò sì sẹ́ni tó mú ìròyìn ilé wá fún un. Lọ́jọ́ kan, ní èbúté òkèèrè kan, ó gbọ́ pé Oníhò-Méjì ti rì. Ẹni tó sọ ọ́ ní wọ́n yọ àwọn kan láàyè, kò mọ àwọn wo. Láti ọjọ́ náà ni Kàsímù ti ń ta bíríkẹ̀ Rogatien, ṣá, ṣá, ṣá, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí. Ó fi ọkàn sí i pé Rogatien wà nínú àwọn tí wọ́n yọ. Ó fi ọkàn sí i pé bí òun bá délé, Rogatien ni yóò kọ́kọ́ jáde wá, yóò sì rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

Ọdún tí ogun parí ni wọ́n tú u sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Pobè, ó sì fẹsẹ̀ rìn ìyókù, tòun ti fìlà atukọ̀ tó ní ìdì òwú pupa lórí. Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ìlú ni Ìyábọ̀, aládùúgbò wọn, tó ru igi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyábọ̀. Ṣé Roga ti dé?"

Ìyábọ̀ wò ó. Igi já lulẹ̀. Obìnrin náà fi eré gé e, igbe "Yéè! Àkúdàáyà!" ló sì fi kéde rẹ̀ yí gbogbo Adja-Ouèrè ká kí Kàsímù tó sún ẹsẹ̀ méjì.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi, ìlú ti gbọ́ pé ó kú, wọ́n sì ti ṣe fídáù rẹ̀. Wọ́n ti ké sí àwọn àlùfáà, wọ́n ti pa àgbò, wọ́n ti pín sàárà. Ẹni tí wọ́n ti ṣe irú èyí fún, tó tún wá gbé fìlà olówùú pupa dé, kí ni kí èèyàn rò? Gbogbo wa la mọ̀ pé òkú mìíràn wà tí kì í lọ tààrà. Yóò lọ máa gbé ìlú mìíràn, yóò níyàwó níbẹ̀, yóò máa ṣòwò, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi ṣèèṣì rí i, nígbà náà ni yóò pòórá. Bàbá Sùlè, àbúrò bàbá Kàsímù, ló wá fi ọgbọ́n àgbà yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kánkán ló dúró sí, ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú.

"Àkúdàáyà kì í dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n," ó wí. "Ẹ tẹ́ ẹní síwájú ilé. Kó jókòó sí i. Kí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ní kékeré wá wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ òkú, kò ní lè gbà á. Bó bá jẹ́ èèyàn, oúnjẹ ni yóò béèrè."

Wọ́n tẹ́ ẹní. Kàsímù jókòó. Sàrátù ìyá rẹ̀ fẹ́ fò mọ́ ọn, wọ́n dì í mú. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò kọjá níwájú rẹ̀, ọmọ, àgbà, arúgbó tí wọ́n gbé pọ̀n. Àwọn kan ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀.

"Níbo lo ti ń bọ̀?" ni Bàbá Sùlè bi í.

"Inú ọkọ̀ ogun ni, Bàbá. Ọkọ̀ irin."

"Irin tó léfòó sórí omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó sì tóbi ju ọjà Ikpinlè lọ."

Bàbá Sùlè yíjú sí àwọn èèyàn. "Ṣé ẹ gbọ́? Níbo ni irin ti ń léfòó láyé yìí?"

Kàsímù rò pé kí òun fi ẹ̀rí hàn wọ́n. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ta bíríkẹ̀, okùn pọ́n fòò láàárín ìka rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kù tí ẹ ń gbọ́. Sàrátù nìkan ló kù níwájú ẹní, nítorí àwọn tó dì í mú ti sá lọ. Obìnrin náà wolẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí, ó fọwọ́ kan etí, ó fi imú fa òórùn ọrùn rẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Ebi ń pa mí, Màmá," ni Kàsímù wí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di èèyàn padà. Ẹ̀rín sọ, àwọn tó sá ń padà wá, Bàbá Sùlè ní sàárà tí àwọn ti jẹ, àwọn kò lè pọ̀ ọ́ o, kí Kàsímù má bi àwọn léèrè rẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ wá sórí ẹní, wọ́n ní kó má dìde, ọba ni lónìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti tún ìbéèrè rẹ̀ bi wọ́n.

Ìgbà náà ni Sàrátù tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. "Wò ó," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Wo ohun tó parọ́ ikú mọ́ ẹ. Gáàdì kan ló mú un wá láti ọ̀dọ̀ òyìnbó kọmandáà. Wọ́n ní òkun gbé òkú kan sórí iyanrìn, kò sí ìwé kan lára rẹ̀ mọ́, àfi èyí nínú àpò. Akọ̀wé kà á, ó ní orúkọ ẹ ló wà níbẹ̀, ó ní ìlú wa ló wà níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló wá kí mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ gígùn. Ìyá Roga nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Ó rìn wá láti Ikpinlè, ó ní, 'Ìyá Kàsímù, sún fún mi,' ó sì jókòó tì mí lórí ẹní títí a fi ṣe fídáù. Ó sunkún ẹ jù mí lọ."

Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀. Bíríkẹ̀ idẹ. Ọkọ̀ oníhò mẹ́ta. Kàsímù, Adja-Ouèrè.

Oúnjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ di èédú. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló mọ àpò ẹni tí bíríkẹ̀ náà wà. Kò sì tíì rí ẹnu là nígbà tí orin dún láti ọ̀nà Ikpinlè, tí àwọn èèyàn là sí méjì, tí Bernadette sì jó wọlé.

Ó ń jó o. Obìnrin arúgbó tí eékún ń dùn, tó ti gbọ́ ìròyìn lẹ́nu iṣẹ́ epo, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì pọ́n, ó jó yí ẹní náà ká. Ó dúró, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ Kàsímù mú, ó fún un, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ èèyàn ni! Ẹ bá mi dúpẹ́! Bí ẹni tí òkun gbé òkú rẹ̀ jáde bá lè padà wálé, Roga mi tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó kú ńkọ́? Kàsímù, ṣé ẹ̀yin méjèèjì rí ara yín lọ́hùn-ún?"

"A rí ara wa, Màmá," ni Kàsímù wí. "Ara rẹ̀ le nígbà tí a pínyà."

Òótọ́ ni o. Irọ́ náà ni. Bernadette tún ijó gbé, gbogbo ìlú ń gbe orin rẹ̀, Kàsímù sì jókòó sórí ẹní bí ọba, bíríkẹ̀ méjì nínú àpò rẹ̀, ìyá òkú ń jó fún un. Kò dìde. Ìjókòó tó ní ó ti tó òun nìyẹn.

Láti ọ̀la ọjọ́ náà ni kò ti lè fìdí kanlẹ̀. Yóò gba oko lọ, yóò padà kó tó dé oko. Yóò kọjú sí Ikpinlè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yà sí Kpoulou. Ó lọ bá Bàbá Sùlè, ó sọ fún un. Bàbá Sùlè yọ fìlà, ó sì dé e padà.

"A kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá," ó wí. "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ọ̀rẹ́ ẹ ní kí o fi bíríkẹ̀ han màmá rẹ̀, àbí? Lọ fi hàn án, kí o sì pa ẹnu dé. Kó máa retí. Ìrètí kì í pààyàn."

Kàsímù rò ó wò. Bó bá fi hàn án, bíríkẹ̀ náà yóò sọ ohun tí Rogatien ní kó sọ: mo wà láàyè, mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò ní í pa irọ́ kankan fúnra rẹ̀, idẹ ni yóò parọ́ fún un. Ó mú ọ̀nà Ikpinlè pọ̀n. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Bernadette, ó bá obìnrin náà tó ń fi amọ̀ rẹ́ yàrá Rogatien. Ó padà láìkí i.

Ìrètí kì í pààyàn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó sinmi. Bernadette rẹ́ yàrá tán, ó ra ẹní tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ló wá sí Adja-Ouèrè pẹ̀lú aṣọ Míísà lọ́rùn, ó ní òun ti rí ọmọbìnrin kan ní Kpoulou, Victorine, ọmọ tó níwà, tó ń bá àwọn òbí rẹ̀ dáko. Òun fẹ́ lọ tọrọ rẹ̀ fún Rogatien kí ẹlòmíràn tó gbé e. Kò sì yẹ kí obìnrin nìkan lọ. Kàsímù ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, Kàsímù ni yóò bá òun lọ lọ́la láti gbẹnu sọ fún un.

"Wàá sọ fún wọn pé ó ń bọ̀," Bernadette wí. "Ìwọ lo rí i gbẹ̀yìn."

Kàsímù gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ní, "Ó dára, Màmá."

Nígbà tí Bernadette lọ tán, Sàrátù gbé àwo oúnjẹ síwájú ọmọ rẹ̀. Ó rí i tó ń jẹ ẹ́ lóòró, tó ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń ta bíríkẹ̀ láàárín òkèlè méjì.

"Kàsímù, kí ló ń lé ẹ?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Pípààrọ̀, àrokò, Oníhò-Méjì tó rì, àpò tí wọ́n ti bá bíríkẹ̀. Ó sọ pé òun lòun fa Rogatien kúrò nílé. Ó sọ ohun tí Bàbá Sùlè wí.

Sàrátù kò pariwo. Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

"Bàbá Sùlè kò bímọ rí láti inú ara rẹ̀," ó wí. "Ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Nígbà tí wọ́n ní o kú, mo sunkún, nígbà tó yá mo jẹun, nígbà tó yá mo sùn. Ìyá Roga kò tíì sùn láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. O sì tún fẹ́ kó lọ so ọmọ ọlọ́mọ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ òkú. Lọ. Kó tó di ọ̀la, lọ."

Ó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yà.

Bernadette jókòó síwájú ìkòkò epo nígbà tó dé, ìkòkò tábà rẹ̀ wà lẹ́nu, kò tíì ṣáná sí i. Ó fa àpótí fún un. Kàsímù kò jókòó.

"Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni?" Bernadette bi í. "Tàbí ẹ̀rù ará Kpoulou ń bà ẹ́?"

Kàsímù kó ọ̀rọ̀ jọ ní gbogbo ọ̀nà. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú bíríkẹ̀ Rogatien jáde, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Bernadette rò pé iná tábà ló fún òun. Ó yí i padà láti wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ sì kan àgbélébùú wíwọ́ tó wà ní ìdí rẹ̀.

"Ọwọ́ Roga rèé," ó wí. "Kò mọ ìlà fà tààrà rí. Sísítà ìjọ a máa nà án nítorí rẹ̀." Ó ti dìde. Ìkòkò tábà ti já lẹ́nu rẹ̀. "Kàsímù! Òun ló ní kí o mú un fún mi?"

"Ó ní kí n fi hàn yín, Màmá."

"Ó wà láàyè? Kí ló dé tí o fi pa á mọ́ di òní? Ó wà láàyè!"

Kò sóhun tó rọrùn ju kó mi orí lásìkò náà lọ. Orí nìkan. Kàsímù mú bíríkẹ̀ tirẹ̀ jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èkejì lórí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà.

Bernadette mọ ìyẹn. Ó ti dì í mú lórí ẹní Sàrátù lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ó ti fi omijé fọ̀ ọ́. Ó wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, obìnrin náà kò sì tíì sunkún rárá. Ó fi àtàǹpàkò ka ihò èéfín ti àkọ́kọ́, ó fi ka ti ìkejì. Epo ń hó nínú ìkòkò, kò sí ẹni tó rò ó.

"Kàsímù," ó wí, jẹ́ẹ́jẹ́. "Bí ti Roga bá wà lọ́wọ́ ẹ, ọwọ́ ta ni tìẹ wà?"

Eékún Kàsímù kanlẹ̀. "A pààrọ̀ wọn ní Dàkáà, Màmá. Ó ní kí n fi hàn yín pé òun wà láàyè. Ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo ní ká lọ."

Bernadette pa ọwọ́ dé mọ́ bíríkẹ̀ méjèèjì. Ó wọ yàrá tó fi amọ̀ rẹ́, ó sì jókòó sórí ẹní tuntun tó rà síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bernadette gbójú sókè sí Kàsímù.

"Ìyá ẹ ni mo rò pé mò ń bá sunkún," ó wí. "Wọ́n máa ń ní akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. N kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí."

Nígbà náà ni ẹkún náà dé, ó sì pọ̀. Àwọn obìnrin Ikpinlè kún iwájú ilé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ gígùn, Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run ló gbà, Bernadette kò gbọ́ ìkankan. Kàsímù dúró lẹ́nu ọ̀nà, bíríkẹ̀ kankan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kò sì mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe.

Ẹnì kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá rẹ̀ ni, eruku ọ̀nà Adja-Ouèrè dé orúnkún rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti tú. Kò wo ọmọ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ wọ inú yàrá tí amọ̀ ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ tán.

"Ìyá Roga," ó wí, "sún fún mi."

Bernadette sún.